Ọdẹ́níran àti Orúkọ Wàràkàṣì Ilẹ̀ Ítálì

Ẹni tó bá mọ̀ pé òun gbé ìkòkò sórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó wá jókòó tì mí, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í dúró de ẹni tó ń sáré lọ ṣí ìdérí wò. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ mi. Oòrùn ṣì wà lókè, ojú mi sì ṣì ríran débi pé mo mọ ẹni tó ń tòògbé nínú yín. Ẹ ti gbọ́ nípa ẹfọ̀n tí mo fi ọwọ́ mú ní ìwo, ẹ sì ti gbọ́ nípa ìkookò tó sá fún mi tó fi gbàgbé ìrù rẹ̀ sẹ́yìn. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan. Ìrìn àjò tí mo fẹ́ rò fún yín yìí, kì í ṣe èmi ni mo rìn ín. Bàbá mi ni, Ọdẹ́níran, ọdẹ tó kọ́ mi níṣẹ́, ó sì rìn ín nítorí tèmi, nígbà tí mo ṣì wà ní ìkókó. Bí òun ṣe rò ó fún mi ni n ó ṣe rò ó fún yín. Bí ẹ bá rí ibi tí irọ́ ti wọ̀ ọ́, ẹ lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn ní ibojì rẹ̀.

Ọdún tí wọ́n bí mi, òjò kọ̀, kò rọ̀. Ẹ mọ àṣà wa ní Ìdí-Ọsàn yìí: bí obìnrin bá bímọ, ogójì ọjọ́ ni yóò fi jókòó, àwọn obìnrin ilé ni yóò máa pọnmi fún un. Ṣùgbọ́n lọ́dún náà, kànga gbẹ, ìsun gbẹ, omi kò sí àfi ní odò Awéré tó wà lẹ́yìn òkè. Kálukú ń wá tirẹ̀. Ọdẹ́níran ti wọ igbó lọ wá ẹran tí ilé yóò jẹ, kò sì tètè bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi, Àyọ̀ká, ṣe dá mi pọ̀n sẹ́yìn, tó gbé ìkòkò lé orí, tó ń lọ sí Awéré tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, tó tún ń wa gbágùúdá nínú ilẹ̀ tó le bí òkúta.

Nígbà tí Ọdẹ́níran dé pẹ̀lú ẹran gbígbẹ léjìká, gbogbo agbo ilé tú jáde. "Ẹ kú oko. Ẹ kú ewu. Ẹ kú ìrìn." Wọ́n kí i títí ó fi wọlé. Inú yàrá ló ti bá ìyàwó rẹ̀ tó dojú kọ ògiri. Ara rẹ̀ kò gbóná, orí kò fọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò jẹun, kò sì sọ̀rọ̀. Àárẹ̀ ti wọ egungun rẹ̀, ó sì ti jókòó síbẹ̀ bí onílé.

Ìyá Àgbà, tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin ilé wa, wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ó ní, "Ọdẹ́níran, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò dùn lẹ́nu mi. Àárẹ̀ ti bọ́ sínú omi ọmú ìyàwó rẹ. Àwọn ìyá wa ní ọmọ tó bá mu wàrà àárẹ̀, àárẹ̀ ni yóò fi ṣe ayé. Bó bá fẹ́ rìn, yóò jókòó. Bó bá fẹ́ kọ ebè, yóò dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀. Bí oṣù tuntun bá ti lé, a ó gbé ọmọ yìí lọ bá àbúrò rẹ obìnrin tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ní Agbède, kó máa bá a tọ́ ọ."

Ẹ má pe Ìyá Àgbà ní ìkà. Òun ló gbẹ̀bí mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ohun tó rò pé òun ń ṣe nìyẹn. Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì bá a jiyàn. Ó kàn ní, "Bó bá jẹ́ pé èmi ni n ó ba ọmọ mi jẹ́, ẹ gbé e lọ." Láti ọjọ́ náà, ìbẹ̀rù ló fi ń fún mi lọ́mú. Bí mo bá ti fà á díẹ̀, ó ń yọ ọ́ lẹ́nu mi kí n tó yó, kí májèlé tó rò pé ó wà nínú ara òun má baà pọ̀ nínú mi. Mo ń ké, òun náà ń ké, ọkọ rẹ̀ sì dúró láàárín wa bí ẹni tí wọ́n dì lọ́wọ́.

Fúlàní kan wà tó máa ń ta wàrà fún wa, Gìdàdó ni wọ́n ń pè é. Ó ti da màlúù dé ibi tí ilẹ̀ ti parí. Nígbà tó gbọ́ pé Àyọ̀ká kò jẹun, àánú ṣe é. Ó tú ewé kan, ó mú wàràkàṣì kan jáde nínú rẹ̀ tó funfun, tó rọ̀, ó sì bù ú fún un. Àyọ̀ká tọ́ ọ wò. Ó tún bù ú. Ó fún ọkọ rẹ̀ ní èérún kan níbẹ̀, adùn rẹ̀ sì gba ẹnu Ọdẹ́níran kan. Wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀.

Gìdàdó ní, "Sítírakínò ni. Wàràkàṣì ilẹ̀ Ítálì ni, ilẹ̀ olókè tí omi ibẹ̀ ń dì bí àpáta. Ìtumọ̀ orúkọ náà, n kò mọ̀." Ó wá fa bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọdẹ, inú agbo màlúù ni wọ́n bí mi sí, síbẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ mọ wàrà jù mí lọ. Bí ẹnìkan bá wà láyé tó lè dá ẹjọ́ wàrà àárẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló wà. Ṣùgbọ́n wọn kì í dá àlejò lóhùn lórí ọ̀rọ̀ wàrà àfi bó bá kọ́kọ́ sọ ìtumọ̀ orúkọ yẹn. Ẹni tó bá ṣì í sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dá a jókòó. Ẹni tó bá ṣì í sọ lẹ́ẹ̀mejì kò ní rántí ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́ láéláé."

Ọdẹ́níran lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ní, "Bí o bá mú ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu àwọn tó mọ wàrà jù wá lọ, a ó gbọ́. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá lé tí o kò tíì dé, ọmọ ń lọ." Ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní bàbá. Ọdẹ́níran gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde.

Igbó tó kọ́kọ́ wọ̀ ni Igbó Ìdágìrì, níbi tí àwọn igi ti ń fi gbòǹgbò rìn lọ pọnmi fúnra wọn. Bí wọ́n ti ń kọjá, wọ́n ń kùn pé odò jìn. Láàárín igbó yìí ni iwin kan ti dábùú ọ̀nà, ó ga ju àjà mẹ́ta lọ, ẹnu mẹ́ta ló sì ní. Ẹnu kìíní ń jẹun, ẹnu kejì ń bú ènìyàn, ẹnu kẹta pa dé láti ìgbà tí wọ́n ti dá ayé. Ẹnu kejì ní, "Ìwọ ọdẹ tí orí rẹ rí bí ìdí odó, ta ló fún ọ láyè láti fi ẹsẹ̀ rẹ tó rí wọ́gọwọ̀gọ yìí tẹ ilẹ̀ mi?"

Ọdẹ kì í gba èébú sílẹ̀. Ọdẹ́níran yìnbọn lù ú. Ẹnu kìíní gba ọta ìbọn náà, ó rún un wómúwómú, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Ẹ̀rù ba bàbá mi. Òun ló sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rù.

Iwin náà ní, "N ó bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Bí o bá mọ̀ ọ́n, kọjá. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ẹnu kìíní ń dúró dè ọ́. Kí ni ó ń gbé ni kiri kí á tó mọ̀ pé a wúwo?"

Ọdẹ́níran ronú. Ó ronú ẹṣin, ó ronú ọkọ̀ ojú omi, kò sì rí i níbẹ̀. Ó wá rántí Àyọ̀ká lójú ọ̀nà Awéré, pẹ̀lú ìkòkò lórí àti èmi lẹ́yìn rẹ̀ tí mo ń sùn. Ó ní, "Ẹ̀yìn ìyá ni."

Ẹnu kẹta bá là. Ohùn tó ti ibẹ̀ jáde kéré bí ohùn ọmọ ọwọ́. Ó ní, "O mọ̀ ọ́n. Èmi kò mọ̀ ọ́n rí. Inú kùkùté igi ni mo ti hù jáde, kò sẹ́ni tó pọ̀n mí rí." Iwin ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àwọn ẹnu méjì yòókù sì pa mọ́ pẹ̀lú ìtìjú.

Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Ẹ̀ ń wo ara yín lójú. Àánú ṣe Ọdẹ́níran ju bí ẹ̀rù ṣe bà á lọ. Ó tú aṣọ ìbora rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ó yá, gùn mí." Ó pọn iwin náà. Orúnkún rẹ̀ ń dún, iṣan ọrùn rẹ̀ ń lé, ṣùgbọ́n ó ń rìn, ó sì ń kọrin tí Àyọ̀ká máa ń kọ fún mi, títí tí iwin fi sùn lọ tó ń da itọ́ sí i léjìká. Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá pọ̀n ọ́n, ǹ bá tún fi í jó. Nígbà tí iwin jí, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ẹnu kẹta fẹ́ atẹ́gùn lu bàbá mi, atẹ́gùn náà sì gbé e rékọjá ilẹ̀ iyanrìn gbogbo, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu odi ìlú kan.

Gbogbo ara ń ro Ọdẹ́níran lẹ́yìn ẹrù tó pọ̀n yìí. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó lóṣòó. Ó kù díẹ̀ kó jókòó ni wọ́n mú un. Ìlú Kò-Rẹ̀-Mí ló dé, wọn kò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ju ìjókòó lọ. Kò sí àga níbẹ̀, kò sí ẹní. Bí ẹnìkan bá kí ẹnìkejì rẹ̀, "Ṣé kò rẹ̀ ọ́?" ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ni, "Kò rẹ̀ mí." Wọ́n fi igi ti àwọn arúgbó lẹ́yìn kí wọ́n má baà ṣubú. Ìdúró ni wọ́n ń sùn, ìdúró ni wọ́n ń bímọ, wọ́n sì gbé ìtẹ́ ọba kọ́ sára àjà kí ó má baà wu ẹnikẹ́ni láti jókòó. Ẹni tí àárẹ̀ bá hàn lára rẹ̀, wọ́n á mọ ọ́n mọ́ ògiri ìlú, kí ó lè dúró títí ayé.

Wọ́n wọ́ ọ dé iwájú ọba. Ọba náà gùn, ó rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí iṣu. Àwọn ìjòyè ní kí wọ́n po amọ̀. Ọdẹ́níran ní, "Kábíyèsí, kí wọ́n tó mọ mí mọ́ ògiri, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan ní kọ̀rọ̀." Ọba gbà, wọ́n wọ ìyẹ̀wù.

Ọdẹ́níran ní, "Kábíyèsí, n kò wá fi ohunkóhun tan yín. Wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó mi nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo ń lọ wá ẹni tó máa gbèjà rẹ̀. Nígbà wo ni ẹ̀yin jókòó kẹ́yìn?"

Ọba wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ìdúró ni bàbá mi kú sí. Ìdúró ni a sin ín. Ọdẹ, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ó ti rẹ̀ mí láti inú ìyá mi wá."

Ọdẹ́níran jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọba rọra tẹ orúnkún, ó gbé ìdí kalẹ̀, ó mí kanlẹ̀, omijé sì ń dà lójú rẹ̀ wọ inú irùngbọ̀n. Kò pẹ́ tó fi gbé orí lé èjìká bàbá mi, tó sùn. Àwọn ìjòyè yọjú wò, wọ́n rí ọba wọn nílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó jókòó. Èkejì jókòó. Nígbà tí oòrùn yóò fi dé àtàrí, gbogbo ìlú ti tẹ́ sílẹ̀, ìhanrun wọn sì ń mi ewé lórí igi. Bàbá mi kò lè ṣí ọba nípò lórí èjìká rẹ̀ títí ọba fi jí. Ó mọ̀ pé oṣù ń gbó lọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ jí i. Àṣìṣe ni àbí ìwà rere, ẹ bá mi dá a.

Bó ṣe ré òkun kọjá, ẹ má bi mí. Ohun tó sọ fún mi ni pé òun di ojú, òun sì là á sí ilẹ̀ olókè tí òtútù ibẹ̀ ń bu ènìyàn jẹ. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ó béèrè títí tó fi dé ẹnu ihò ńlá kan lábẹ́ òkè. Arúgbó kan jókòó síbẹ̀ tí irunmú rẹ̀ gùn débi pé ó wé e mọ́ ọrùn nítorí òtútù. Oníbodè ni. Ẹnìkan ń bi mí pé èdè wo ni wọ́n jọ sọ. Ọmọ yìí, nínú ìtàn ọdẹ, gbogbo ẹnu ló gbọ́ ara wọn.

Oníbodè mú un wọ inú ihò. Wàràkàṣì kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè, lórí pákó, lórí koríko, èyí tí wọ́n so rọ̀ àti èyí tí wọ́n kó jọ. Ó ń tọ́ka sí wọn bí bàbá tó ń fi ọmọ rẹ̀ han àlejò. Ó ní, "Nítorí àgùntàn tó ni wàrà rẹ̀ ni a ṣe pe eléyìí ní Pekorínò. Gígé ni a ń fi ọwọ́ gé eléyìí, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń jẹ́ Mosarélà. Eléyìí, a sè é, a tún un sè, a sì pè é ní Rikótà. Ṣùgbọ́n èyí tó rọ̀ yìí, Sítírakínò, kí ni a wò kí a tó sọ ọ́ lórúkọ?"

Ibí ni ọmọ Ìdí-Ọsàn ti ṣe àṣìṣe tí ọmọ Ìdí-Ọsàn nìkan lè ṣe. Ọdẹ́níran rò pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ohun tó bá sì dùn tó báyìí, ilé ọlá ló ti wá. Ó gbọn aṣọ, ó tú ọ̀fun, ó bẹ̀rẹ̀ ìjálá. Ó pe wàràkàṣì náà ní ọba wàrà, ó pè é ní ọmọ akọ màlúù tó ń fi ìwo ti òkè ṣubú, ó pè é ní ajagunṣẹ́gun, ó pè é ní alágbára tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnìkan. Oríkì náà dùn. Bí ẹ bá fẹ́, n ó ki í fún yín tán pátá nígbà mìíràn.

Nígbà tó parí, Oníbodè mi orí. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Àwọn tó ṣáájú rẹ náà sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó wá láti ìlà oòrùn àti ẹni tó wá láti ìwọ̀ rẹ̀. Gbogbo yín lẹ rò pé ọ̀dọ̀ alágbára ni ohun rere ti ń wá. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan fún ọ. Lọ jókòó sétí ọ̀nà."

Ọdẹ́níran jókòó sétí ọ̀nà pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó rò ó pé kí òun dìde, kí òun máa lọ, kó tó di pé òun gbàgbé ilé. Ó ń rí Ìyá Àgbà lọ́kàn rẹ̀ tó ń di ẹrù mi. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, bó bá ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́ àti ìyà ló ń rò nígbà tó gbọ́ agogo, àwọn agogo wẹ́wẹ́ tó ń dún láìbára mu láti orí òkè.

Àwọn màlúù ni. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti móoru ni wọ́n ti wà lókè lọ́hùn-ún tí wọ́n ń jẹ koríko, òtútù sì ti dé, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wálé. Pátákò ẹsẹ̀ wọn ti sán. Orí wọn ń wolẹ̀. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n á dúró díẹ̀ kí wọ́n tó gbé èkejì. Ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Katerína ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọ̀pá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Yorùbá ni bàbá mi. Kò lè rí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ kó sì dákẹ́. Ó dìde, ó ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ kú àárẹ̀. Ẹ kú àbọ̀." Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń kọjá ló ń kí i. Èyí tó gbẹ̀yìn kò ní ìrù, ó sì dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà níwájú rẹ̀, kò lè lọ mọ́. Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní ń bá a lé eṣinṣin. Lọ́jọ́ náà, Ọdẹ́níran bá Olúwa lé e. Ó fi fìlà rẹ̀ fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ fi là, tó sì dìde dúró.

Ìyá Katerína ní, "Mo ti ń da màlúù sọ̀kalẹ̀ láti ìgbà ọmọge mi. Ìwọ lẹni tó kọ́kọ́ kí wọn." Ó lóṣòó ti màlúù náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wàrà rẹ̀ sínú igbá onígi.

Ọdẹ́níran di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ṣé wàrà rẹ̀ kò ní ba ẹni tó bá mu ún jẹ́?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí kò ní rẹ̀ ẹ́? Ó gun òkè, ó sọ̀kalẹ̀. Tọ́ ọ wò ná."

Wàrà náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó nípọn, ọ̀rá sì léfòó lójú rẹ̀. Ọdẹ́níran tọ́ ọ wò. Adùn tó gba ẹnu rẹ̀ kan ni adùn èérún tí Àyọ̀ká fún un lẹ́bàá ibùsùn. Ó sáré dé ihò, ó ní, "Àárẹ̀ ni. Àárẹ̀ lẹ fi sọ ọ́ lórúkọ."

Oníbodè dìde dúró. Ó ní, "Àárẹ̀ ni. Lẹ́nu àwa ará òkè, sítírákì ni ẹni tó ti rẹ̀. A kò fi orúkọ náà bú wọn, a kò sì fi tijú. Wàrà tí wọ́n ń fún wa nígbà tí agbára ti tán lẹ́sẹ̀ wọn, ó kéré, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lọ́ràá tó o. Ohun tó kù fún wọn ni wọ́n fi fún wa. Ó yá, béèrè ìbéèrè rẹ."

Ọdẹ́níran ní, "Bàbá, mo ti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Ọ̀nà ilé nìkan ni mo ń béèrè." Ojú rẹ̀ kún fún omi. Oníbodè di wàràkàṣì kan sínú koríko fún un, ó sì sìn ín sọ́nà. Nígbà tó dé ìlú Kò-Rẹ̀-Mí, orí àga tuntun tí wọ́n gbẹ́ ni gbogbo wọn wà, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan kọjá. Iwin Ẹlẹ́nu-Mẹ́ta dúró dè é lẹ́bàá iyanrìn, ó sì fẹ́ ẹ dé ilé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí oṣù máa lé ló dé. Mo ti wà lẹ́yìn Ìyá Àgbà, wọ́n ti di ẹrù mi, àwọn ará Agbède sì dúró ní àgbàlá. Ọdẹ́níran kò jókòó. Ó rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó gé wàràkàṣì náà, ó fún àwọn obìnrin ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ orúkọ rẹ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́. Ìyá Àgbà ló jẹun pẹ́ jù nínú wọn. Ó wá tú ọ̀já, ó sọ̀ mí kalẹ̀, ó ní, "Ohun tí àwọn ìyá wa wí ni mo wí. Àwọn ìyá wa kò dé ọ̀dọ̀ àwọn màlúù yẹn. Ẹ gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọdẹ́níran gbé mi wọ yàrá, Àyọ̀ká kò na ọwọ́. Ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láti inú ilé. Ó ṣì dojú kọ ògiri. Ó ní, "Àwọn màlúù tí ẹ̀ ń wí yẹn, kí lẹ ṣe nígbà tí ẹ rí wọn?"

"Mo dìde. Mo ṣí fìlà."

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní ẹ kú ìrìn, ẹ kú àárẹ̀."

Àyọ̀ká ní, "Ọ̀nà Awéré kò jìn tó tiwọn ni."

Bàbá mi sọ fún mi pé nínú gbogbo ohun tí ojú òun rí nínú ìrìn àjò náà, kò sí èyí tó dun òun tó ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti ré òkun kọjá, ó ti kí agbo màlúù kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì tíì kí ìyàwó rẹ̀. Gbogbo ilé ti ṣèdájọ́ omi ọmú obìnrin yìí, kò sì sí ẹnìkan tó kí i kú iṣẹ́. Ó gbé mi sórí ẹní. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀ yàrá, ọdẹ tí kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹkùn. Ó ní, "Àyọ̀ká, o kú ìrìn. O kú omi pípọn. O kú ọmọ títọ́. O kú àárẹ̀."

Ìyá Àgbà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun náà kúnlẹ̀ pẹ̀lú egungun rẹ̀ gbogbo tó ń dún, ó ní, "Ìyàwó wa, o kú àárẹ̀." Àwọn obìnrin ilé kí i tẹ̀ lé e, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà náà ni Àyọ̀ká yí ojú kúrò lára ògiri. Ó sunkún títí ó fi tó o. Ó wá nawọ́, ó gbé mi, ó sì fún mi lọ́mú, kò sì yọ ọ́ lẹ́nu mi títí mo fi yó.

Ibi tí mo bá a dé nìyí. Wàrà yẹn ló tọ́ mi dàgbà, òun ni mo fi pa ẹfọ̀n, òun ni mo fi ṣọdẹ bọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n dìde nílẹ̀ báyìí. Rárá, ẹ má fà mí. Láti ọdún pípẹ́ wá, ẹ ti ń gbọ́ bí mo ṣe ń fọ́nnu, ẹ kò sì gbọ́ lẹ́nu mi rí pé ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí díẹ̀ lónìí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kí mi.